Lapalapa Tí Kò Ní Àmì Ohùn

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹnikẹ́ni má họra o. Ìtàn tí mo gbé wá yìí, ẹni tó bá họra nínú rẹ̀ ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́. Motọ́lání, ọmọ Surulere, kò mọ̀ pé ti inú ìwé náà ń fọ́.

Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe ní Yaba. Ó fẹ́ kí a máa gbin lápálápá, igi tí à ń gbìn lẹ́ẹ̀kan, tí ń so títí ọmọ fi ń di bàbá, kí a máa fún epo èso rẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ dípò dísù. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ambrose, yọ̀ǹda ilẹ̀ kékeré kan fún un ní Iganmu.

"Ṣùgbọ́n bí n kò bá rí igi níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mọ́tò mi ni màá máa gbé síbẹ̀."

Ẹ̀ka igi tó ti gbó ló wá ń wá kiri. Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri kan ní Ìwáyà, kò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀:

"A n wa lapalapa to ti pe. Eyi to ba ti lo ogun odun lo dara ju. E mu un wa sibi laaro Ojobo."

Nígbà tí yóò fi dé ní Ọjọ́bọ̀, èrò ti tò dé ojú títì. Ìyá Làbákẹ́ tí ń yan ẹja ló wà níwájú. Ó ká ìró sókè, ó na itan síta.

"Ọmọ mi, wò ó dáadáa. Ó ti lé lógún ọdún."

"Háà, mà! Kí lèyí?"

"Làpálàpá ni! Àbí ẹ ò gbà á mọ́?"

Bàbá Àkàngbé kígbe látẹ̀yìn: "Ogún ọdún wo? Àná ni tìrẹ! Kí n tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni tèmi ti wà lọ́rùn mi!"

"Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́, Bàbá! Tiyín tí ò ju kọ́bọ̀ lọ!"

Motọ́lání káwọ́ lérí. "Ẹ jọ̀ọ́, lápálápá ni mo wí! Igi! Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà!"

Ìyá Làbákẹ́ rọra sọ ìró kalẹ̀.

"Lápálápá? Òun ló yí ẹ̀yìn ilé mi ká. Ìyá ọkọ mi ló gbìn ín, kí wọ́n tó bí ẹ. Oje rẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa fi pa itan yìí."

"Ṣé ó ṣiṣẹ́, mà?"

"Bó bá ṣiṣẹ́, kí ni mò ń tò fún?"

Motọ́lání kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ka. Ìyá yarí.

"Ìwé rẹ ló jẹ́ kí n ṣí itan lójú títì. Ilé ìwòsàn la ó kọ́kọ́ dé, kí àdá tó kan igi mi."

Wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n gba ìpara. Lọ́jọ́ Ẹtì, ogójì ẹ̀ka lápálápá ló ti wà lórí ìdúró nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ambrose dé Iganmu. Ìyá Làbákẹ́ ló dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ gbé mọ́tò yín sẹ́yìn, ọ̀gá, ẹ fẹ́ tẹ oko wa."

Saidat alágbàfọ̀ ní Ìwáyà ló sọ ọ́ fún mi. Ó búra pé òun ò sí lórí ìlà lọ́jọ́ náà, òun kàn ń kọjá lọ ni. Ṣùgbọ́n bó ti ń búra ló ń họ ìgbọ̀nwọ́.