Àwọn Ìwé Orí Ṣẹ́ẹ̀fù Òkè

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rán ìwé tó ya ní láíbìrì wa. Nígbà tí wọ́n kọ́ tuntun, tí ṣẹ́ẹ̀fù rẹ̀ ga dé àjà, fọ́tò ni gbogbo àlejò ń yà. Mo gun àkàbà lọ fa ìwé kan tí mo fi òwú pupa rán. Kò wá. Ẹ̀yìn ìwé lásán ni wọ́n gé lẹ̀ mọ́ pákó.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀gá ibẹ̀. “Ọ̀gá láíbìrì, ojú ewé inú ẹ̀ dà?”

“Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ṣẹ́ẹ̀fù tí ayàwòrán ilé yà há jù, ìwé ò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe gún régé!”

“Mo ní ojú ewé dà?”

Ó nawọ́ sí àwọn iná gíláàsì tó rọ̀ lájà. “Ojú ewé yẹn la fi wé wọn nígbà tí wọ́n ń kó wọn bọ̀, kí wọ́n má baà fọ́.”

Mo wo iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ló sọ, ẹyọ kan ò fọ́.