Wáì-fáì Màmá

Wáyà gbé àkàbà ti ògiri gbọ̀ngán ìpàdé, ó gùn ún, ó sì ń fa wáyà dúdú kan gba òkè fèrèsé lọ síbi tí kọ̀ǹpútà àti àpótí wáì-fáì máa wà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Wáyà, torí kò sígbà téèyàn máa rí i tí wáyà ò ní kọ́ léjìká rẹ̀. Kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Àpótí wáì-fáì tó bàjẹ́ ló kọ́kọ́ tú wò, ló bá di ẹni tí wọ́n ń pè síbi ìpàdé pé kó wá ṣètò íńtánẹ́ẹ̀tì.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Màmá, wọ́n sì ń fẹ̀yìn tì. Àwọn ìyá tí wọ́n gbẹ̀bí fún, àti àwọn ọmọ náà tí wọ́n ti dàgbà, fẹ́ péjọ kí wọ́n dúpẹ́. Àfi bí Màmá ṣe yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí ẹsẹ̀ kán. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

"Bí mi ò bá lè lọ, ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí ojú wọn," ni Màmá wí. "Èmi ni mo rí ojú yẹn kí ìyá tó bí wọn tó rí i."

Wáyà ò fọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó béèrè iye èèyàn tó ń bọ̀, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí ẹlòmíì á gbé fóònù méjì dání. Ó ro ohun tí wọ́n máa fi ṣe, torí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ lásán kì í jẹ dátà tó ẹni tó ń fi fídíò ránṣẹ́. Ó ro ìgbà tí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú: bí ojú Màmá bá ṣe yọ nínú àwòrán ńlá tí wọ́n máa tàn sára ògiri báyìí, gbogbo ọwọ́ ló máa gbé fóònù sókè. Torí náà, ó ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún àlejò, ó sì fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, kí ẹnì kan má baà dá gbogbo rẹ̀ jẹ. Fídíò Màmá nìkan ló fi ọ̀nà kejì sílẹ̀ fún. Àpótí wáì-fáì ilé Màmá gan-an ló gbé wá fún ìyẹn, torí ó ti mọ ìwà rẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún Màmá lọ́sibítù. "Íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngán yẹn, ọ̀nà tí nǹkan ń gbà wọlé fẹ̀, Màmá, àmọ́ èyí tó ń gbà jáde tóóró. Ojú wọn sì gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Màmá yíjú sí ẹ̀gbọ́n Wáyà obìnrin tó ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ṣó o gbọ́? Atẹ̀bọ́tìnnì fẹ́ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun tó ń gba ọ̀nà tóóró jáde!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọsàn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Atẹ̀bọ́tìnnì ni Màmá máa ń pe Wáyà, torí lójú wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kéèyàn tẹ bọ́tìnnì lọ.

Lọ́jọ́ ìpàdé, nígbà tí gbọ̀ngán ṣì ṣófo, àwòrán mọ́ kedere. Àwọn èèyàn dé, ìjókòó kún. Ojú Màmá yọ lára ògiri, ariwo ayọ̀ sọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n Wáyà fi pè é láti ọsibítù.

"Wáyà, àwòrán ti gan o! Ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó ń sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngán la ẹnu, kò pa á dé mọ́. Màmá ń béèrè bóyá eyín ló ń dùn ún."

Wáyà yẹ gbogbo wáyà wò, kò sí èyí tó tú. Ó pa àpótí, ó tún un tàn, àwòrán rìn díẹ̀, ó tún gan. Òógùn bò ó. Màmá gba fóònù.

"Ọmọ mi, ta ló wà nínú yàrá?"

"Yàrá wo, Màmá?"

"Bí ọmọ bá há, mi ò kì í fipá fà á. Mo máa ń kọ́kọ́ lé gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ jáde: ìyá ọkọ, àbúrò ọkọ, aládùúgbò. Wò ó, ta ló wà níbẹ̀?"

Wáyà ṣí kọ̀ǹpútà, ó wo àwọn tó wà lórí ọ̀nà Màmá. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Fóònù ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́! Ó di ẹnu mú. Kò sí aboyún tó wọ ilé Màmá rí tí wọn ò fún ní pásíwọ̀ọ̀dù wáì-fáì wọn kí wọ́n tó fún un lómi: *jókòójẹun*. Fóònù wọn ò gbàgbé. Ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni fóònù wọn rí orúkọ wáì-fáì tó mọ̀, ló bá sáré wọlé.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ fa èyí o!"

"Èmi tí wọ́n so ẹsẹ̀ mi kọ́ sókè?"

"Gbogbo ẹni tẹ́ ẹ fún ní wáì-fáì nílé ló ti rọ́ wọ ọ̀nà yín níbí."

"Wọ́n mà wá kí mi ni," ni Màmá wí. "Lé wọn, àmọ́ má bú wọn."

Wáyà ki wáyà láti ara kọ̀ǹpútà bọ inú àpótí náà tààrà, ó sì pa wáì-fáì rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo fóònù bọ́ síta, ọ̀nà àlejò ló kù fún wọn. Nínú fídíò tí Màmá ń wò lọ́sibítù, ọ̀gá nọ́ọ̀sì pa ẹnu dé.

Wáyà wá gbé kámẹ́rà, ó ń fa wáyà rẹ̀ tẹ̀ lé e láti ìlà ìjókòó kan sí òmíràn. Màmá ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ, ẹsẹ̀ lo fi jáde. Ṣó o ṣì lágídí? Ìwọ onírùngbọ̀n yìí, o kọ̀, o ò sunkún, àfìgbà tí mo gbá ọ nídìí!"

Onírùngbọ̀n fọwọ́ bojú, gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò fo ẹnì kankan. Nígbà tí ìlà ìkẹyìn tán, wọ́n ní, "Ẹni tó di kámẹ́rà yẹn mú ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n rí òun náà."

Wáyà yí kámẹ́rà sí ara rẹ̀, wáyà kọ́ ọ léjìká.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Màmá sọ fún gbogbo èèyàn. "Ọmọ mi nìyẹn. Agbẹ̀bí lòun náà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kígbe látẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì. "Atẹ̀bọ́tìnnì wá ńkọ́, Màmá?"

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni Màmá dáhùn.