Ẹni Tó Ṣílẹ̀kùn

Kíláàsì kẹrin ni Wẹ́dà wà nígbà tí olè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún ìyá wọn pé Wẹ́dà ló fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu. Ìyá gba ọ̀rọ̀ àkọ́bí gbọ́. Ẹ̀rọ yẹn ló ń rán àwọn méjèèjì níwèé; nígbà tó lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n sì yọ ẹlẹ́bi. Bó ṣe dé ìdí iná àwọn alájórin nìyẹn, tó dàgbà síbẹ̀, tó ń ṣe géètì fún ilé onílé, tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Wẹ́dà.

Bí wọ́n bá ní kó gbàgbé, á ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Síbẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n kọ iṣẹ́, ilé Wẹ́dà ló wá gbé. Wẹ́dà fún un ní yàrá. Kò fún un lẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Àwọn oníbàárà Wẹ́dà, tí àdírẹ́sì wọn wà nínú rẹ̀, ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò fi ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, wá láti ilé ọkọ, ó fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ, ó jókòó tì í.

“Irú kòkòrò kọ̀ǹpútà yìí kì í jálẹ̀kùn,” ó ní. “Á múra bí àlejò rere, onílé á sì ní kó wọlé. Ta ló tẹ nǹkan?”

Ẹ̀gbọ́n wúkọ́ lórí àga. “Bi bàbá ẹ. Òun ló máa ń fi nǹkan sílẹ̀ gbayawu.”

Wẹ́dà gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà yìí hu ewú tán, kò tíì wá irọ́ tuntun.

“Dádì? Tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà?” Ọmọ náà ń pa kòkòrò náà rẹ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó sì tún tàn án. Ohun tó pa rẹ́ ti padà. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. “Ẹ ò rí i? Bàbá, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí mi ò bá mọ ibi tó gbà wọlé, díẹ̀ á ṣẹ́kù, á sì tún bí sí i.”

Ẹ̀gbọ́n na ìka sí kọ̀ǹpútà. “Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, pé kí n tẹ ibẹ̀, àwọn á bá wa lé e lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́.”

“Pásíwọọ̀dù ńkọ́?”

“Wọ́n béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo fún wọn.”

Ọmọ náà wá ohun tí wọ́n tẹ̀ yìí kàn, ó yọ ọ́ tìdítìdí, ó tún yẹ gbogbo inú ẹ̀rọ wò, ó sì fi fóònù tirẹ̀ pààrọ̀ pásíwọọ̀dù. “Ó ti lọ.”

Wẹ́dà kò wo kọ̀ǹpútà. “Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́, bùrọ̀dá?”

“Ilẹ̀kùn wo?”

“Ti ilé ìyá wa.”

“Ìyá ti kú, àbúrò.”

“Wọ́n kú, wọn ò bá mi yanjú ẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. “Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ni olè yẹn wọ̀. Ó ní òun wá wo wáyà. Ó kí mi dáadáa. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo sì ní ìwọ ni.”