Ọ̀rọ̀ Kan, Àárọ̀ Mẹ́ta

Ẹsẹ̀ kẹtàdínlógún ló wà lórí itan nọ́ọ̀sì, aago mẹ́jọ kò sì tíì lù. Ó fi òwú nu ẹ̀jẹ̀ níbi tí bàtà ti bó ọmọ náà ní gìgísẹ̀, ó fi bándéèjì wé e, ó gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, òmíràn sì gorí itan rẹ̀. Kò wojú ẹni tó ni ín mọ́. Láti ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ wá sí àgọ́ eré ìje yìí, láti orúnkún wálẹ̀ ló ń dá wọn mọ̀.

Ọgọ́ta ọmọ, nọ́ọ̀sì kan. Méjì ni wọ́n ní yóò jẹ́. Èkejì lọ wo àbúrò rẹ̀ tó bímọ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, ó ní òun ń bọ̀, ó sì ń bọ̀ títí di òní. Nọ́ọ̀sì nìkan ló wá ń ṣí ọgbẹ́, tó ń pín oògùn, tó tún ń sùn sáàárín àwọn ọmọbìnrin lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọdé kan. Bó bá na ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ á yọ síta. Bó bá ká a kò, eegun ìdí rẹ̀ á máa ráhùn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Gbogbo ọmọ tó bá wá bá a ló ń kọ sínú ìwé ńlá kan: orúkọ rẹ̀, ohun tó ń ṣe é, ohun tí wọ́n ṣe fún un. Lọ́jọ́ kìíní, gbólóhùn gígùn ló ń kọ. Kò pẹ́ tó fi gé e kúrú. *Ó rẹ̀ ẹ́. Omi. Ìsinmi.* Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní àgọ́ náà tó ìyẹn. Wọ́n ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, wọ́n ń sọ ọ́ ní balùwẹ̀. Kóòṣì tó ń kọ́ wọn léré tilẹ̀ ní ìdáhùn tirẹ̀ fún un: iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ á bá a parí rẹ̀ bí ẹni ń gbe orin.

Ẹ̀fúùfù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun kò gbé ẹsẹ̀ wá ní tirẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, kóòṣì ló sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé bó bá sáré kọjá lára èèyàn, aṣọ ni onítọ̀hún ń dì mú. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tí kì í sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá bi í.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ó rẹ̀ mí."

"Ta ni kò rẹ̀, ọmọ mi?" ni nọ́ọ̀sì wí. "Lọ mu omi. Jókòó síbi ibòji títí wọ́n á fi pè yín."

Ọmọ náà ní ẹ ṣeun mà, ó sì yí padà. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ tó kàn.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, kóòṣì mú ìwé orúkọ wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni àwọn tó ń yan ọmọ tó yára jù yóò dé, mẹ́jọ péré ni wọ́n yóò mú nínú ọgọ́ta, kò sì sí ọmọ tó lè sáré tí nọ́ọ̀sì kò bá máàkì orúkọ rẹ̀ pé ara rẹ̀ le. Kóòṣì dúró tì í, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun náà kò sùn. Nọ́ọ̀sì máàkì gbogbo ọgọ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ń da ẹ̀wà sí ìkòkò.

Láàárín ọjọ́kanrí sí aago méjì ni àwọn òbí máa ń pè, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ mú fóònù wá. Gbogbo wọn ni nọ́ọ̀sì ń dá lóhùn bákan náà: ara ọmọ yín yá, ó jẹun, ó ń kí yín. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni ìyá Ẹ̀fúùfù pè. Obìnrin náà kì í fi àkókò èèyàn ṣòfò. Ó béèrè ara ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì dáhùn pé ara rẹ̀ yá, ó kàn ní ó rẹ òun díẹ̀ ni.

Ìyá ọmọ tún béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀? Pé ó rẹ òun?"

"Òun náà ni, mà. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́."

"Nílé tiwa, ẹni tó bá sáré, agara ló dá a. Ẹni tí a bá ní ó rẹ̀, orí ibùsùn ló wà. Oṣù mẹ́jọ la fi sọ pé ó rẹ bàbá rẹ̀, títí a fi sin ín. Ọmọ yẹn ò ní ṣàdédé fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó dáadáa."

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé ńlá náà padà. Àárọ̀ òní, Ẹ̀fúùfù. Àárọ̀ àná, Ẹ̀fúùfù. Ìjẹta náà, Ẹ̀fúùfù. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi àti ìsinmi. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ìyá tirẹ̀ kò pe àìsàn ní orúkọ mìíràn ju àárẹ̀ lọ títí ó fi kú. Àgọ́ ló jẹ́ kó gbàgbé ojú kejì. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ọmọ yìí sọ odindi fún un, ó dénú rẹ̀ tán, ó di àbọ̀. Ìtìjú bá a, ẹ̀rù sì lé ìtìjú náà kúrò. Ó bọ́ sóde pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìsọ̀rí kìíní ti sáré tán nígbà tó dé pápá. Ẹ̀fúùfù wà lórí ìlà pẹ̀lú ìsọ̀rí kejì, ó ti tẹ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Fèrè ti wà lẹ́nu kóòṣì. Nọ́ọ̀sì gba àárín pápá kọjá níṣojú àwọn àlejò, ó fa ọmọ náà dìde, ó sì dì í lọ́wọ́ mú.

Kóòṣì sáré wá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ọmọ yìí gan-an ni àwọn àlejò tìtorí rẹ̀ wá, ìṣẹ́jú kan péré ni, kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kó sáré kó tó gbé e lọ síbi tó bá fẹ́.

"Màmá, ẹ ti máàkì í fún mi láàárọ̀."

"Mo máàkì í. Mi ò wò ó." Ó mú ìka kóòṣì, ó fi lé ọrùn ọwọ́ ọmọ náà. "Ẹ ka bó ṣe ń lù fúnra yín. Kò tíì sáré o."

Kóòṣì ń kà á. Ètè rẹ̀ ń mì, ìlù náà yára jù ú lọ, ètè náà sì dúró. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi ọmọ náà léèrè ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Ó ní láàárọ̀ ni, díẹ̀ báyìí, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Láti ìjẹta ló ti rí bẹ́ẹ̀. Kóòṣì kò tún sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ tó ń pani. Ó gbé e lé èjìká, ó sì mú ọ̀nà bọ́ọ̀sì pọ̀n.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé iṣan ara ọmọ náà ló ń fọ́ nítorí eré àti oòrùn, tó ń ṣàn lọ dí kíndìnrín rẹ̀. Wọ́n tètè gbé e dé, kíndìnrín náà á bọ̀ sípò. Nọ́ọ̀sì béèrè pé ká ní ó sáré ọ̀sán yẹn ńkọ́. Dókítà wò ó, ó ní kí wọ́n má fi ìyẹn da ara wọn láàmú.

Kóòṣì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó kù. Ìyá ọmọ wà lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ti pinnu pé bó bá dé, òun á sọ àárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, òun kò ní fo ọ̀kan. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ara ń ro ó, oorun sì ń kùn ún, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó gbé òun lọ.

"Kí ló dé tí o ò pariwo mọ́ mi?" ló béèrè. "Kí ló dé tí o lọ dúró lórí ìlà yẹn?"

Ọmọ náà rò ó, bíi pé ìbéèrè ilé ìwé ni.

"Mo sọ fún yín, mà. Ẹ ní kí n lọ mu omi. Mo wá rò pé ẹ ti wò mí, pé ẹ mọ̀ pé mo lè sáré ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó sọ ọ́ tán, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ sì ń pa dé. Nọ́ọ̀sì wá ìbínú lójú náà, díẹ̀ bó ti wù kó mọ. Kò sí níbẹ̀. Ì bá rọrùn fún un ká ní ó rí i.