Àlá Tí Ìbídùn Lá Nídìí Kọ̀ǹpútà Tí Kò Ní Àwòrán

Àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, ọ̀sán gangan ni Ìbídùn lá a, lórí àga ọ́fíìsì, lọ́jọ́ tí kò yẹ kó sùn rárá.

Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Ìkìrun ni Ìbídùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣejáde pa, fọ́tò ọmọ mẹ́tàlélógójì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ti dákú láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀, tíṣà ìṣirò, ló jí i láàárọ̀: ó nu gbogbo inú rẹ̀ nù, ó fi Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tuntun sí i. Kò tíì parí tí wọ́n fi pè é sí ìpàdé ní Òṣogbo. Ojú dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun nìkan ló fi sílẹ̀, àti ìwé pélébé kan: "Àǹtí Ìbídùn, ó ku ojú tó ní àwòrán, èyí tí ẹ ó máa fi máòsì tẹ̀. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí bí mo ṣe kọ wọ́n gẹ́lẹ́. Ẹ má pa á lójijì o."

Ìbídùn kọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà. Aago méjì ti kọjá. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó dúró, kó máa ronú nípa Ládùnní, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ Ìbídùn ni fọ́tò ọmọ náà ti sọnù, tí wọn ò fi gba orúkọ rẹ̀, tó fi jókòó sílé ọdún kan gbáko. Ó ń wo lẹ́tà, ó ń ro Ládùnní, ojú rẹ̀ ń wúwo.

Ló bá rí i pé àwọn lẹ́tà náà ò dúró sójú kọ̀ǹpútà mọ́. Wọ́n ń ṣàn bọ́ sílẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì, wọ́n kún ilẹ̀, wọ́n gbé ọ́fíìsì náà nílẹ̀, ó sì léfòó. Ìbídùn gbé bàtà rẹ̀ lé orí àga kó má baà tutù. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ nísàlẹ̀ réré. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á le lókè."

Ìlà funfun kékeré tó máa ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà wúkọ́. Ó ní, "Ta ni yín?"

"Èmi Ìbídùn ni, akọ̀wé."

"Mi ò mọ akọ̀wé. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí."

Ìbídùn la ẹnu, ó sọ ọ́, ohùn ò jáde. Ó pariwo rẹ̀ títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, síbẹ̀ kò gbọ́ ohun tóun fúnra rẹ̀ sọ.

"Mo gbọ́ yín," ni ìlà náà wí. "Ó tọ̀nà. Ẹ wọlé." Ilẹ̀kùn ṣí nínú ojú dúdú náà, Ìbídùn sì bẹ̀rẹ̀ wọ ibẹ̀.

Gbọ̀ngàn gígùn kan ló bá nínú. Àwọn ọmọ mẹ́tàlélógójì tò síbẹ̀ nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí èyí tó ní ojú nínú wọn. Orúkọ ni wọ́n fi lẹ́tà funfun kọ síbi tó yẹ kí ojú wà. Ó ń kà á lọ títí ó fi dé ìparí ìlà. Ládùnní ló wà níbẹ̀.

"Àǹtí, aago mélòó ló lù?"

"Ó ṣì kù díẹ̀, ọmọ mi."

"Ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn."

Ìbídùn sáré lọ bá ọkùnrin onífìlà kan tó jókòó nídìí káńtà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ gba ojú. Mẹ́tàlélógójì."

"Ojú ò ṣòro," ni ọkùnrin náà wí. "Àmọ́ ojú ò lè wá láìsí férémù. Férémù ò lè wá láìsí ìṣó. Ìṣó ní òun ń retí òòlù, òòlù sì ní òun ò ní kúrò nílé tí wọn ò bá pe fèrèsé. Gbogbo wọn jẹ́ igba ó lé méjìlá. Ṣé ẹ gbà? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣó fẹsẹ̀ rìn wá, fèrèsé gbé ara rẹ̀ há abíyá. Èyí tó bá ti wọlé á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," Ìbídùn á sì ní, "Ẹ ṣeun, ẹ káàbọ̀." Igba ó lé méjìlá ló kí, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé, bẹ́ẹ̀ aago ń lọ, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó wá ku dírẹ́bà," ni ọkùnrin náà wí. "Ojú ò lè dá rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ìwo lu fìlà rẹ̀ yọ. Kó tó parí "Ẹ buwọ́ lùwé níbí," ó ti di òbúkọ.

"Ibo gan-an ni kí n buwọ́ lù, sà?" ni Ìbídùn bi í.

Òbúkọ náà fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ hàn án. Bí Ìbídùn ṣe buwọ́ lù ú tán, òbúkọ gbé ìwé náà jẹ. "Ó ti wọ fáìlì," ló wí, ó ń rún un lẹ́nu.

Dírẹ́bà ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìbídùn fa ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn!"

"Èmi kọ́ ni dírẹ́bà irú ojú yìí. Irú mìíràn ni mo mọ̀ ọ́n wà."

"Ẹ̀yin ni mo rí. Ẹ wà á bẹ́ẹ̀."

"Ó máa mì o. Àwọ̀ rẹ̀ sì lè má pé."

"Kó mì!"

Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ọ̀kan. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ń mì, Ìbídùn ń ju ojú sí àwọn ọmọ. Òmíràn dorí kodò, ọmọkùnrin kan sì gba ojú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kò bínú. Méjì. Mẹ́ta. Ó ku ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbóná bíi búrẹ́dì tuntun. Ìbídùn bẹ́ sílẹ̀, ó sáré, ilẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ládùnní na ọwọ́. "Àǹtí! Àǹtí!"

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ jí."

Ládùnní ló dúró lójú ilẹ̀kùn, ó di ìdè báàgì rẹ̀ mú. "Aago mẹ́ta ti kọjá ogún ìṣẹ́jú, mà. Mo ní kí n wá wò ó bóyá tèmi ti lọ."

Ìbídùn yíjú sí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ti dúró. Ó kọ ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìwé Kọ́lápọ̀, kọ̀ǹpútà sì béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí, èyí tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Ó ń tẹ̀ ẹ́, kò rí lẹ́tà kankan tó yọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ búlúù là káàkiri, máòsì sì yọ láàárín rẹ̀.

Ìbídùn ò dúró yọ̀. Ó ki fláàṣì tó kó àwọn fọ́tò náà sí bọ̀ ọ́, ó sì ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, tó wá kan ti Ládùnní. Ó ṣí i.

Ọmọ náà tẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀, ó wò ó. Ó ní, "Àǹtí, mo dijú."

Lóòótọ́ ló dijú, pátápátá, bí ẹni tí ọṣẹ wọ̀ lójú. Wọn ò ní gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìbídùn gbé fóònù rẹ̀ nílẹ̀, ó fa Ládùnní lọ́wọ́ jáde síbi ògiri funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì. "Dúró síbí. Gbé àgbọ̀n sókè. Má ṣẹ́jú, ṣé o gbọ́?"

Ládùnní la ojú ràn. Ìbídùn yà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì sáré wọlé lọ fi ránṣẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síta pé ó ti dé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó gbọ́ tí ọmọ náà ń bi í láti ẹnu ilẹ̀kùn pé:

"Àǹtí, ṣé mo lè wá ṣẹ́jú báyìí?"