Ẹní Orí Yangí

Àpò aṣọ ṣì wà léjìká Sandrine nígbà tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ náà sì jó o. Ó yẹ kó tutù. Ibi tó dúró sí yìí kì í jóni lẹ́sẹ̀ mọ́, kódà lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ẹní Màmá ló tẹ́ síbẹ̀.

Bó ṣe ń pe ewéko náà nìyẹn. Kò mọ orúkọ mìíràn fún un. Ewé rẹ̀ kéré, ó nípọn, ó ń fi omi pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ó máa ń fà nílẹ̀ láti òkúta dé òkúta, kì í sì í rọ nígbà tí gbogbo oko Kpankou, abúlé rẹ̀, bá ti pọ́n. Sandrine gbìn ín sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yangí lẹ́yìnkùlé, níbi tí sàréè ìyá rẹ̀ wà, torí lọ́dọọdún ni àgbàrá ń bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ sàréè sì ti ń yọjú.

Kò tètè mọ̀ ọ́n gbìn. Èyí tó kọ́kọ́ rì mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó sì ń bomi rin kú, gbòǹgbò rẹ̀ rà. Èyí tó gbàgbé sábẹ́ òkúta kan ló yè. Ó jókòó tì í ní ìdájí, ó sì rí i: ìrì ń sẹ̀ sójú òkúta, ó ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kán sídìí ewé. Ohun tó ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ gbogbo òkúta lélẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìrì ojú wọn lè máa ṣàn sídìí ewé.

Báyìí, ilẹ̀ náà mọ́ bí àwo tí a fọ̀. Ojú ọwọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn òkúta jọ sídìí ògiri.

Àwọn aláàáró tó máa ń ro ilẹ̀ fún ara wọn ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lọ́dọ̀ wọn, àgbàlá tí koríko bá hù sí, wọ́n á ní ilé tí kò lọ́mọ tí yóò gbá a ni, Sandrine kò sì bímọ. Ìdí nìyí tó fi bẹ Honorine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Kétu, pé kó wá máa sùn nílé títí òun yóò fi ti Pobè dé, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún òun. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀yìnkùlé.

“Fọkàn balẹ̀,” ni Honorine sọ, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. “Mo wà níbẹ̀.”

Bàbá Èṣùgbàyí, olórí àwọn aláàáró, yà wá kí i kú ewu. Ọkọ́ wà léjìká rẹ̀.

“Ojú tuntun ti rí ilé tó mọ́,” ló wí. “Ejò tí ò ń sìn níbẹ̀ ti kó lọ.”

Sandrine bi í pé ta ló rán wọn níṣẹ́. Ìbéèrè náà ya bàbá lẹ́nu.

“Ṣé a máa ń ṣá ọkọ́ sí àgbàlá tí ọmọ ilé kò bá kọ́kọ́ ṣá? Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ṣá ti àkọ́kọ́.”

Nígbà tó lọ tán, Sandrine wá ààtàn wò. Koríko tí wọ́n bá ro, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á dáná sun ún. Kò sí òkìtì, kò sí eérú. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ ra ojú ilẹ̀, ó bá àwọn ihò róbótó tí wọ́n fi iyanrìn dí. Wọ́n gé gbòǹgbò yípo kí wọ́n tó gbé e. A kì í fi sùúrù hú ohun tí a fẹ́ sun. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tó ṣì ń ta á. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ó gun zémidjan, alùpùpù akérò, lọ sí Kétu.

Iwájú ilé Honorine ló ti rí i, láàárín òkúta funfun tuntun: ẹní Màmá, ó tẹ́ rẹrẹ. Omi ń dà sórí rẹ̀ láti ẹnu rọ́bà gígùn kan.

Ojú kò ti Honorine. “Màmá ló bí àwa méjèèjì,” ló wí. “Lọ́hùn-ún, ìwọ àti òkúta nìkan lẹ ń wò ó, wọ́n sì fi ń bú ọ. Níbí, àwọn èèyàn ń dúró wò ó.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bá bu díẹ̀.”

“Díẹ̀ ò lè bo ojú ilé.”

Sandrine ní òjò ti sún mọ́lé, sàréè sì wà ní ìhòòhò. Honorine bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já ẹ̀kúnwọ́ kan, ó nà án sí i. Kí Sandrine tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

“Ẹ ṣé,” ló wí.

Ibi tó kúnlẹ̀ sí ti di ẹrẹ̀. Ó rí ìdí àwọn ewé náà lójú kòró: wọ́n ti ń dán, wọ́n ti ń rọ̀, bí ohun tí a bọ̀.

“Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín,” ni Honorine wí. “Ṣó tó, àbí kí n fi kún un?”

Sandrine gbójú sókè wò ó.

“Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Lórí alùpùpù, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di ẹ̀kúnwọ́ ewé náà. Ó ń fọkàn tò ó: bó bá ṣọ́ ọ lò, yóò bo apá orí sàréè. Apá ẹsẹ̀ kò ní rí nǹkan kan, kò sì sí ibòmíràn tí yóò ti rí òmíràn bí ti Kétu bá rà tán. Ìkùukùu dúdú ti ń gorí ara wọn lápá Kpankou. Ìgbà náà ni ohùn ara rẹ̀ padà sí i létí, ẹ fọkàn balẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ tó dùn-ún gbọ́, ó sì mọ ibi tó ti gbọ́ ọ rí.

Kò sọ fún ẹni tó ń wa alùpùpù náà pé kó yí padà sí Kétu.