Ohun Tí A Sọ Nípa Fíìmù Ìyàwó Tíṣà

Kọ́tìnnì ni mò ń rán, mo sì máa ń lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó ní ọ̀nà ìkọ́ni kan tó máa ń bí mi nínú. Kó tó fi fíìmù hàn wá, á kọ́kọ́ gbé fìlà rẹ̀ kiri kíláàsì. Bébà kéékèèké ló wà nínú fìlà náà, àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí wọ́n fi ń yin fíìmù tàbí tí wọ́n fi ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Èyí tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ ni wàá fi sọ̀rọ̀ tí fíìmù bá parí. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ ò kan Tíṣà. Kó o ṣáà sọ ọ́ kó já gaara.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, fìlà ti yí ká tán kí obìnrin kan tó yọ́ wọlé, tó jókòó sí ẹ̀yìn nítòsí ilẹ̀kùn. A rò pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ la tó mọ̀ pé ìyàwó Tíṣà ni, àti pé òun ló ṣe fíìmù tí a fẹ́ wò. Fọ́tò pélébé ti ìwé ìrìnnà ló ń yà jẹun. Fíìmù yìí ni àkọ́kọ́ rẹ̀, ọjọ́ kejì sì ni ìdíje tó fẹ́ fi í sí máa dáwọ́ gbígba fíìmù dúró. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ gbọ́ ẹnu àwọn tí kò mọ òun rí. Tí kò bá dùn mọ́ wọn, òun ò ní fi ránṣẹ́, òun á sì ta kámẹ́rà. Tíṣà ní kó wá gbọ́ ẹnu wa. Ọ̀rọ̀ fìlà ti mọ́ ọn lára débi pé kò rántí sọ̀rọ̀ bébà fún un.

Fíìmù náà ò gùn. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan, kò sì fẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀. Láràárọ̀ ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á wọ̀ ọ́, á jáde. Tí ilé bá ti dá, á padà wá, á wá kọ́kọ́rọ́ títí lẹ́nu ọ̀nà, á sì wọlé jókòó sí pálọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó jí, ó bá ṣẹ́ẹ̀tì náà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ̀ ọ́ sílẹ̀ dè é. Ó parí síbẹ̀.

Dírẹ́bà kan nínú kíláàsì wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní fíìmù náà mú òun jókòó sí etí àga, bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń wí tí fíìmù bá gbà wọ́n lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ó fẹ̀yìn tì gbalaja nígbà tó ń sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan ní fíìmù náà ń wọ́ nílẹ̀, ìyẹn ni pé ó fà jù. Ó wá kàn mí. Bébà tèmi ní kí n sọ pé fíìmù náà ṣubú lulẹ̀ pẹrẹsẹ, ìyẹn ni pé kò dùn rárá. Èmi tí mo fẹ́ràn kí wọ́n yìn mí, mo tún fi iyọ̀ sí i: mo ní ẹni tó ṣe é fi àkókò wa ṣòfò. Tíṣà pàtẹ́wọ́ fún mi.

Obìnrin ẹ̀yìn yẹn dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Ìgbà yẹn ni ojú Tíṣà wálẹ̀. Ó sọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́ fún wa kíákíá, ó sì sáré tẹ̀ lé e. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, torí èmi ni mo sọ èyí tó burú jù.

Orí àtẹ̀gùn la ti bá a. Tíṣà ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bébà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Mo rí i tí ọkàn ìyàwó rẹ̀ ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ẹni tó ní òun jókòó sí etí àga ńkọ́?"

Tíṣà wolẹ̀. "Bébà nìyẹn náà."

Ó dùn mí ju èébú tí mo bú u lọ. Ọ̀rọ̀ rere kan ṣoṣo tó gbọ́, a ti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Àbúrò mi, jẹ́ kí n sọ tèmi láìsí bébà. Ibi tí ọkùnrin yẹn ti ń wá kọ́kọ́rọ́ pẹ́ jù, ó sú mi. Àmọ́ nígbà tí mo rí ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀, n ò lè wòkè mọ́. Ìgbà tí bàbá mi kú la tó gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Gbogbo ìgbà yẹn, màmá mi ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn. A rò pé màmá ò fẹ́ kí bàbá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó wá bi mí pé ibo gan-an ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi. Mo sọ fún un. Ó ní òun á gé ibẹ̀ kúrò kí òun tó fi ránṣẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo pe màmá mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ nígbà yẹn pé bàbá ò lọ síbi iṣẹ́ kankan.

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní fíìmù kan ni.